Òkìríkà Katangua àti Télọ̀ Tó Mọ Èjìká

Ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Marina, kóòtù ni a ń wọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n sì gbà wá láyè láti wọ ànkárá tàbí àdìrẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ náà, mo wọ ilé ìtajà kan ní Erékùṣù Èkó láti ra kóòtù ẹyọ kan. ₦85,000 ni wọ́n kọ sí i lára. Mo yẹ inú rẹ̀ wò, mo rí i pé pọ́líẹ́sítà lásán ni, pé gọ́mù ni wọ́n fi lẹ iwájú rẹ̀, àti pé òwú ti ń tú lábẹ́ apá rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ ọ́ rí. Mo dá a padà sórí ìkọ́. Kóòtù tí mo wá wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, èyí tí ọ̀gá mi obìnrin tìtorí rẹ̀ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà láti bi mí pé ta ló bá mi rà á bọ̀ láti òkè òkun, ₦6,500 ni mo rà á ní ọjà aṣọ àlòkù Katangua, mo sì san ₦4,500 fún télọ̀ tó tún un ṣe. Ọjà yẹn àti télọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí pa pọ̀, nítorí pé ẹni tó bá lọ sí Katangua láìní télọ̀ yóò kó aṣọ tó dára bọ̀ wálé, ṣùgbọ́n aṣọ náà yóò máa jọ aṣọ àyálò lára rẹ̀.

Katangua wà ní agbègbè Abúlé-Ẹ̀gbá, ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, bọ́sítọ́ọ̀pù tí wọ́n ń pè ní Super ni a sì máa ń sọ̀ sí. Láti ọdún 2020 ni bọ́ọ̀sì BRT ti ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ láti Oshodi dé Abúlé-Ẹ̀gbá, èyí sì ti mú ìrìn àjò náà rọrùn fún àwa tí kò ní mọ́tò. Òkìríkà ni gbogbo Èkó ń pe aṣọ àlòkù tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìlú Okrika ní Ìpínlẹ̀ Rivers ni orúkọ náà ti wá, ìlú etí omi tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti máa ń gúnlẹ̀ láyé àtijọ́. Ìyá mi tó dàgbà sí Ìbàdàn kì í pè é ní òkìríkà, bọ́sìkọ́nà ló ń pè é. Ó yẹ kí n sọ pẹ̀lú pé òfin kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gba kí a kó aṣọ àlòkù wọ orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ béèlì-béèlì ló ń gba Kùtọnu wọlé, ojú gbogbo ayé ni wọ́n sì ti ń tà á. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ èyí kí ó tó gbéra. Ní tèmi, bí ọwọ́ mi ti mọ ni mo nà án.

Ohun tó mú kí Katangua yàtọ̀ sí àwọn ibi tí a ti ń ra òkìríkà ní ìgboro ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú béèlì, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á káàkiri ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ ra tiwọn. Bí wọ́n bá ti já okùn béèlì, àwọn alátúntà ni yóò kọ́kọ́ rọ́ sí i, wọn yóò ṣa èyí tí wọ́n ń pè ní fáàsì sẹlẹ́kíṣọ̀n, owó èyí sì máa ń ga. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣà tán ni owó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé tó bá di ọ̀sán, ohun tó kù yóò ti di òkìtì lórí tapólíìnì, ẹni tó ń tà á yóò sì máa ké iye kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀. Mo ti lọ ní aago méje rí, mo sì ti lọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán rí. Ní àkọ́kọ́, àwọn alátúntà fi ìgúnpá tì mí sẹ́yìn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ohun tí ẹgbẹ̀rún ọwọ́ ti tú palẹ̀ ni mo bá. Aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni ó tẹ́ mi lọ́rùn jù, nígbà tí àwọn alátúntà ti ń di ẹrù wọn, tí oòrùn kò sì tíì mú.

Ọjà náà kún, ó gbóná, bí òjò bá sì rọ̀, ẹrẹ̀ a máa dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò sí ibi tí obìnrin lè wọlé sí láti dán aṣọ wò, nítorí náà síngílẹ́ẹ̀tì àti lẹ́gíǹsì tó fún mọ́ra ni mo máa ń wọ̀ lọ, kí n lè gbé kóòtù tàbí síkẹ́ẹ̀tì wọ̀ lé e lórí láìtijú. Mo máa ń mú tèépù ìwọnṣọ dání, mo sì ti kọ ìwọ̀n èjìká mi, igẹ̀ mi, ìbàdí mi àti gígùn apá mi sínú fóònù, nítorí pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sọ́rùn aṣọ kò ṣeé gbára lé: nọ́ńbà 12 ti ilé iṣẹ́ kan lè fún mi lọ́rùn, kí nọ́ńbà 12 ti ilé iṣẹ́ mìíràn sì máa jábọ́ lára mi.

Ìyá kan tó ń ta kóòtù obìnrin nìkan ni mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó rí i pé orúkọ tó wà lọ́rùn aṣọ ni mo ń wá kiri, ó sì sọ fún mi pé, "Àǹtí mi, ẹ fi ọrùn aṣọ sílẹ̀. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Gbogbo ohun tó ń mú kí aṣọ jọ aṣọ olówó, inú aṣọ ló wà. Aṣọ tí wọ́n fara balẹ̀ rán máa ń ní ojú abẹ́rẹ́ tó sún mọ́ra, tó sì rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ onílà tàbí oníṣẹ́ẹ̀kì, ìlà iwájú àti ìlà ẹ̀gbẹ́ yóò pàdé níbi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, nítorí pé ẹni tó gé e kò ṣahun aṣọ. Aṣọ tó ṣẹ́kù sínú ojú ìrán náà ṣe pàtàkì. Bí ó bá tó ìdajì íǹṣì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, télọ̀ yóò rí nǹkan tú sílẹ̀ bí ènìyàn bá sanra. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi gé e mọ́ ibi ìrán pátápátá, bí ó ṣe wà náà ni yóò ṣe máa wà.

Lẹ́yìn èyí ni irú òwú tí wọ́n fi hun ún. Mo fẹ́ràn wúùlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òwú gidi àti lìnẹ́nì, nítorí pé wọ́n máa ń wálẹ̀ lára dáadáa, wọn kì í sì í tàn yinrinyinrin nínú oòrùn bí pọ́líẹ́sítà olówó pọ́ọ́kú. Bí wọ́n bá ti gé àkọlé inú aṣọ dànù, mo máa ń bẹ ìyá náà kí n fa òwú kan yọ láti inú ojú ìrán, kí n sì ṣáná sí i. Wúùlù yóò rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ yóò sì rún lọ́wọ́. Òwú gidi yóò jó bí ìwé. Pọ́líẹ́sítà yóò yọ́, yóò sì di kóró líle tí kò ṣeé tẹ̀ fọ́. Pọ́líẹ́sítà kì í ṣe èèwọ̀ o, nítorí pé bí ó bá jẹ́ díẹ̀ nínú wúùlù, kì í jẹ́ kí aṣọ tètè rún, ṣùgbọ́n kóòtù tó jẹ́ kìkì pọ́líẹ́sítà nínú dáńfó tó há mọ́ra lórí Third Mainland yóò sọ ènìyàn di ẹni tí wọ́n bọ̀ kó tó dé Òbáléńdé. Fún ìdí yìí kan náà ni mo fi ń yẹra fún kóòtù òtútù tó nípọn, bó ti wù kí ó rẹwà tó, mo sì máa ń wá èyí tí láínì rẹ̀, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi bo inú rẹ̀, mọ sí èjìká àti apá nìkan.

Bọ́tìnnì náà ń sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n fi ìkarahun inú omi ṣe máa ń tutù bí a bá gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ti ike kì í tutù. Síìpù tí wọ́n kọ YKK sí lára, ti ilé iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Japan ní ọdún 1934, mo ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń fà á lọ fà á bọ̀ nígbà mẹ́wàá kí n tó sanwó. Mo máa ń na aṣọ sókè sí oòrùn láti wá ihò tí kòkòrò jẹ, mo sì máa ń wo abẹ́ apá bóyá òógùn ti pa á láwọ̀ dà. Ohun kan wà tí mo ti kọ́ pé n kò gbọdọ̀ rà mọ́ láé, òun ni kóòtù tí iwájú rẹ̀ wú káàkiri bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Gọ́mù-sitéè inú rẹ̀, aṣọ alágọ́mù tí wọ́n fi ń mú iwájú kóòtù dúró, ló ti ṣí, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè mú un lẹ̀ padà kó dúró. Irú rẹ̀ ni ẹnìkan tà fún mi lórí Instagram pẹ̀lú àwòrán tó dán mọ́rán. ₦15,000 mi ni ó gbé lọ.

Àmọ́ o, gbogbo èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká. Èjìká ni ẹnu-ọ̀nà kóòtù. Ibi tí eegun èjìká ènìyàn parí sí, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ojú ìrán èjìká kóòtù parí sí. Bí ó bá kọjá ibẹ̀ ní íǹṣì kan, gbogbo ayé ni yóò mọ̀ pé aṣọ ẹlòmíràn ni, kódà bí ó bá jẹ́ ₦300,000 ni wọ́n rà á. Ẹ̀gbẹ́ ṣeé fà wọlé, ìbàdí ṣeé fún, gígùn ṣeé gé, ṣùgbọ́n láti gbé èjìká kúrò ní ipò rẹ̀, télọ̀ ní láti tú apá, láínì àti páàdì, kí ó sì tún gbogbo rẹ̀ gbé kalẹ̀, owó iṣẹ́ náà yóò sì ju owó kóòtù lọ. Nítorí náà, bí mo bá gbé kóòtù wọ̀ tí èjìká rẹ̀ kò bá bá tèmi mu, mo máa ń bọ́ ọ sílẹ̀ láì wo ẹ̀yìn, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi tó. Apá rẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: bí ihò bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ bá jẹ́ èyí tó ń ṣí ní tòótọ́, kò ní ṣeé gé kúrú láti ìsàlẹ̀ láìba ihò náà jẹ́. Ní ti sòkòtò, èyí tí ojú ìrán rẹ̀ gba àárín ẹ̀yìn kọjá ni kí a rà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún ìbàdí. Ṣùgbọ́n sòkòtò tó bá fún ní ìdí itan, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Mo wá dé orí télọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní àdúgbò mi ní Ìyánà-Ìpájà, kò ní pátákó, kò sì fẹ́ kí n dárúkọ òun nítorí pé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù fún un. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Kóòtù ọkùnrin ni ó kọ́ níṣẹ́, ọgbọ́n yẹn ni ó sì ń lò sí ti obìnrin. Nígbà tí mo gbé kóòtù búlúù tí mo rà ní ₦6,500 náà dé, ó kọ́kọ́ bi mí pé bàtà wo ni mo fẹ́ máa wọ̀ sí i, ó sì ní kí n padà lọ mú un wá nílé. Ó dá mi dúró síwájú dígí, ó fi píìnì mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, ó ní kí n jókòó, kí n dìde, kí n na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ di irin bọ́ọ̀sì mú. Ó fa ẹ̀gbẹ́ wọlé ní íǹṣì méjì. Ó gé apá rẹ̀ kúrú tó fi jẹ́ pé díẹ̀ lára ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ń yọjú níbi ọrùn ọwọ́ mi. Ó yọ páàdì tó nípọn kúrò ní èjìká, ó fi èyí tó fẹ́lẹ́ rọ́pò, ó sì rán mi lọ sí Balógun láti ra bọ́tìnnì aláwọ̀ búráùn mẹ́fà tí kò dán, ó ní àwọn bọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń pariwo jù. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, mo dúró síwájú dígí yẹn, n kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Aṣọ náà ti di tèmi.

Ohun tí mo tún fẹ́ràn lára Bàbá ni pé ó mọ iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà. Mo gbé kóòtù mìíràn tó ní ìlà tóóró-tóóró dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yí i sí òde àti inú, ó sì dá a padà fún mi pé, "Ọmọ mi, bí mo bá fa èyí wọlé, àpò rẹ̀ yóò yí sí ẹ̀yìn. Gbé e fún àbúrò rẹ tó sanra jù ọ́ lọ." Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni ọjọ́ tó ń dá: bí ó bá ní kí n wá ní Àbámẹ́ta, ó lè di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì kí aṣọ tó jáde, n kò sì rò pé ó yẹ kí àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ máa fi oníbàárà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Fún ìsàlẹ̀ sòkòtò tàbí ojú ìrán tó tú, n kì í yọ ọ́ lẹ́nu, àwọn obíọma tó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká, tí wọ́n ń lu àlùmọ́gàjí kiri àdúgbò, ni mo máa ń ké sí, ₦500 sì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi. Ọkàn rere ni ìtumọ̀ obíọma ní èdè Ìgbò, ṣùgbọ́n bí ọkàn wọn ti dára tó, n kò ní gbé kóòtù fún wọn.

Kí aṣọ tó kan ara mi, mo máa ń fọ̀ ọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì òwú ni mo ń rẹ sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ. Wúùlù, omi tútù nìkan, n kì í sì í fún un, mo máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí táwẹ̀lì títí yóò fi gbẹ, nítorí pé bí wúùlù bá rí omi gbígbóná, yóò sún kì. Gbogbo wọn ni mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ní inú, pàápàá ní ojú ìrán. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun máa ń gba sítáàṣì díẹ̀ ní kọ́là àti ọrùn ọwọ́.

N kì í ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ ní òkìríkà, n kì í sì í ra bàtà níbẹ̀, nítorí pé bàtà tí ẹlòmíràn ti wọ̀ ti gba àpẹẹrẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà ni mo ń náwó lé: ṣumékà kan ní Mushin ló rán bàtà aláwọ dúdú fún mi ní ₦18,000, mo sì ń kùn ún ní alaalẹ́. Báàgì tí wọ́n fi ayédèrú orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá lẹ̀ káàkiri ara rẹ̀, n kì í súnmọ́ ọn. Báàgì tí kò ní orúkọ kankan lára kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó lè tú àṣírí ẹni tó gbé e.

Kí n ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe ná an. Kóòtù mẹ́ta, ₦18,500. Sòkòtò méjì, ₦6,000. Síkẹ́ẹ̀tì kan, ₦2,500. Ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ₦10,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦37,000 ní ọjà. Bàbá gba ₦12,000 lórí àwọn kóòtù, ₦3,000 lórí sòkòtò, ₦1,000 lórí síkẹ́ẹ̀tì àti ₦4,000 lórí ṣẹ́ẹ̀tì, ó di ₦20,000. Àpapọ̀ ₦57,000 ni, kò tó owó kóòtù ẹyọ kan tí mo dá padà sórí ìkọ́ lọ́jọ́ sí. Búlúù tó ṣú, dúdú, àwọ̀ eérú àti funfun nìkan ni mo yàn, kí ohun gbogbo lè bá ara wọn lọ, nítorí náà kóòtù mẹ́ta yìí ń gbé mi la ọ̀sẹ̀ mẹ́ta já kí ẹnikẹ́ni tó rí irú ìmúra kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n máa ń sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, mo sì ti rí i ní Marina: ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tó máa ń bi mí pé "Ta lẹ wá rí?" ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń ṣílẹ̀kùn fún mi báyìí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó má ṣe lọ ní oṣù Kejìlá tàbí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú Iléyá. Ọjà yóò kún jù, àwọn télọ̀ tó mọṣẹ́ yóò sì ti gba aṣọ ọdún jọ dé òrùlé, wọn kò ní ráyè gbọ́ ti àmẹ́ńdì. Oṣù Kejì ni mo lọ ní tèmi, lẹ́yìn tí owó ilé-ìwé ti kó àwọn ènìyàn kúrò lọ́jà. Ìyá oníkóòtù gba ₦6,500 lórí èyí tó kọ́kọ́ pè ní ₦9,000, Bàbá sì ráyè yọ odindi ọ̀sán kan sílẹ̀ fún èjìká mi.